Wàrà Ló Pín, Kò Pín Ẹ̀jẹ̀

Nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo wọ takisí tó ń lọ sí ìlú Massè pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé àgbò tín-ín-rín lé itan, àti ìyá àgbà kan tí kò lè pa ẹnu mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ààwẹ̀ ni àgbò yìí ń gbà ni?"

"Ẹ rọra, ìyá. Ọba àgbò nìyí. Àwọn dókítà ẹran gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo àgbò wa, wọ́n yẹ àmì àbínibí inú rẹ̀ tí ọmọ ń jogún wò. Wọ́n ní eléyìí ni kí n jẹ́ kó máa gun àwọn abo, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò tóbi jù."

"Eléyìí? Egungun lásán!"

"Ìbejì ni, ìyá. Èyí tó sanra nílé, òun nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí, òun nìkan ló mu ọmú. Wàrà ni eléyìí pín, kò pín ẹ̀jẹ̀."

"Ibo lò ń gbé e lọ?"

"Ìyàwó mi ní eléyìí la ó pa lọ́dún. Mo fẹ́ lọ fi í pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá mi."

"Yéè! Àwọn ẹgbẹ́ ẹ gbé ìyàwó sá, ìwọ gbé àgbò sá!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi olùkọ́ àtijọ́ fẹ́ ṣàlàyé pé àmì inú ẹ̀jẹ̀ ń tọ́ka ni, kì í búra, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀. Fóònù ọkùnrin náà dún, ohùn ìyàwó rẹ̀ sì jáde ketekete.

"Bàbá ọmọ mi, àgbò kékeré dà?"

Àgbò fúnra rẹ̀ ló dáhùn: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Ìyá gba fóònù. "Ìyàwó wa, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé e sá lọ. Èmi náà bí ìbejì. Èyí tó kéré nínú wọn ló ń bọ́ mi lónìí. Ẹ má pa á o!"

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àgbò náà bá kéré, òun àti ọkọ mi ni yóò jọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi."