Mo Pa Ìmọ́lẹ̀ Ojú Ìyá Mi Nínú Àwòrán

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi fún ọdún mẹ́ta. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Ohun tí ìyá mi ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n lanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Àwòrán ojú èèyàn ni mò ń yà l'Àkúrẹ́, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni mo sì ń lò. Nígbà tí ìyá mi fẹ́ pé àádọ́rin ọdún, mo lọ yà wọ́n nílé wa l'Oǹdó. Wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ni aládùúgbò wọn kan bá wọlé, ó bèèrè iṣẹ́ mi. Ìyá mi ní, "Iṣẹ́ wo? Ó ń fi ọ̀dà ṣeré l'Àkúrẹ́ ni." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Háà! Inú bí mi. Ìbínú ò kúkú mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Ọ̀dà olómi tèmi kì í ní funfun. Ibi tí a kò bá kùn lára bébà ni ìmọ́lẹ̀. A máa ń fi àyè bíńtín sílẹ̀ nínú ẹyinjú, ibẹ̀ ni ọ̀yàyà ti ń jáde. Mo ti fi ti ìyá mi sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Mo wá mọ̀ọ́mọ̀ kùn ún dúdú. Mo tún dúró kí bébà gbẹ kí n tó fa ìlà ẹnu wọn, kí ọ̀dà má bàa tàn ká, kí ìlà náà lè mú bí abẹ.

Wọ́n wò ó títí. "Ṣé bí mo ṣe rí lójú ẹ nìyí?"

Mo ní, "Màámi, omi ló gbé ọ̀dà lọ síbi tó wù ú." Irọ́ ni mo pa, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wọkọ̀ wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ti wo àwòrán náà títí, àwọn rí i pé òǹrorò ni àwọn. "Ọmọ mi, mo ti le jù fún ẹ. Dárí jì mí." Ìyá mi ló ń bẹ̀ mí o! Mo bú sẹ́kún, ẹnu mi ò sì gbà á láti jẹ́wọ́.

Ọ̀dà tó ti gbẹ yẹn kò ṣeé tún ṣe mọ́, ṣùgbọ́n bébà tuntun wà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún jókòó fún mi ní Sátidé. Wọ́n gbà, wọ́n tiẹ̀ ń bi mí irú aṣọ tí àwọn máa wọ̀. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ yà wọ́n tẹ̀rín-tẹ̀rín, kí n tó jẹ́wọ́? Àbí kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, kí n wá gbé ojú yòówù tí wọ́n bá fi wò mí sórí bébà?