Ohun Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Pè Ọ́

Nínú mọ́tò tó ń ti Àgọ́-Ìwòyè lọ sí Òkè-Sopẹ́n ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan àti ọkùnrin kan tó ṣáájú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ kan náà.

"Bùrọ̀dá, mò ń lọ sílé pátápátá ni. Mi ò kọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ńlá yẹn mọ́. Ètò tí mo kọ ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bó ṣe parí báyìí, gbogbo ẹ̀ dàrú."

"Ṣé o kọ́kọ́ tọ́jú ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó pè ọ́?"

"Ta ló pè mí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ètò mìíràn ló pe tìẹ. Àwọn nọ́ńbà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìwọ náà á sì lo àyè kan náà. Kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bá a kó tiẹ̀ pamọ́. Tó o bá parí, dá a padà bó o ṣe bá a. Inú àwọn nọ́ńbà yẹn ni ọ̀nà ilé ẹ̀ wà. O dà á nù, o wá ní kó délé?"

Ọmọbìnrin náà yíjú sí i. "Háà! Ẹ̀rọ lásánlàsàn ló ń fẹ́ irú ìtọ́jú yẹn?"

"Ẹ̀rọ lásánlàsàn."

"Dírẹ́bà, ó wà o!"

Ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sọdá títì, ó ń nawọ́ sí mọ́tò tó ń padà sí Àgọ́-Ìwòyè. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, mò ń wí i lábẹ́lẹ̀ títí mo fi délé: kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bá a kó tiẹ̀ pamọ́.