Bọ́tìnnì Mọ́kànlélógójì

Mi ò ní pẹ́ ẹ sọ. Ojú mi ti ń lọ, dókítà sì ti sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ikùn mi kò ní jẹ́ kí n rí òpin ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwé ilé ìwòsàn, àti ìwọ tí obìnrin tí a ń pè ní Elétí bí, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Èmi ni mo lé Elétí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ.

Elétí kò ríran láti kékeré. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí pé bí èèyàn bá ti ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ti dárúkọ onítọ̀hún kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà tí a kọ́kọ́ lò, ojú dúdú ló ní, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló ń hàn níbẹ̀. Èèyàn á tẹ ohun tó bá fẹ́ kó ṣe, ẹ̀rọ á fi lẹ́tà dá a lóhùn, ó parí. Elétí ní àpótí kékeré kan tó ń ka àwọn lẹ́tà náà sí i létí. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà náà sí èyí tó ń to iṣẹ́ sójú pẹ̀lú nọ́ńbà, pé tẹ ení fún aláìsàn tuntun, tẹ èjì fún ti àtijọ́, ọjọ́ méjì ló fi mọ̀ ọ́n. Kí n tó wọ gíláàsì mi, ó ti rí fáìlì mẹ́ta. Ó máa ń ní kí wọ́n tú gílóòbù orí tábìlì òun lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí àwa olójú ti ń táràrà. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, inú mi á máa ta.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó ní àwòrán dé. Kò sí pé à ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́. Àwòrán kéékèèké ló kún ojú ẹ̀rọ, máòsì la sì fi ń nàka sí wọn. Fáìlì jẹ́ àwòrán, bẹ́ẹ̀dì jẹ́ àwòrán, abẹ́rẹ́ jẹ́ àwòrán. Àpótí Elétí kò mọ àwòrán kà; bọ́tìnnì lásán ló ń pe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, níbi tí èèyàn lè kọ orúkọ àwòrán náà sí, kí àpótí lè rí nǹkan kà. Èmi ni ọ̀gá àgbà ní kí n kọ ọ́. Ó tún ní òun yóò dán èmi àti Elétí wò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò jù ni yóò di olórí yàrá. Mo kọ gbogbo rẹ̀, mọ́kànlélógójì. Mo fi íápíìsì Elétí sétí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń kà á geere. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé yóò borí mi.

Àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn orúkọ náà rẹ́. Ẹ̀rọ olójú dúdú kì í bi èèyàn ní nǹkan kan. Ohun tó o bá ní kó pa rẹ́, ó ti pa á rẹ́ nìyẹn. Ti tuntun yìí a máa béèrè. Ó ní, ṣé ó dá ọ lójú? Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún bi mí. Ìgbà mọ́kànlélógójì ló bi mí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lẹ́ẹ̀kan ní àwáwí. Èmi kò ní. Ó ku díẹ̀ kí n parí ni Oníwáyà, ẹni tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe, wọlé. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi.

“Èmi ò rí nǹkan kan o,” ló wí. “Ojú tèmi náà ti fọ́.” Ó rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà àti àwọn méjì mìíràn dúró lẹ́yìn Elétí. Wọ́n ní kó yọ íápíìsì kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́, àpótí ní, “Bọ́tìnnì.” Ó sún síwájú. “Bọ́tìnnì.” Ó tún sún. “Bọ́tìnnì.” Bó ṣe ń sún ni ohùn yẹn ń tẹ̀ lé e, títí òógùn fi yọ lọ́rùn rẹ̀. Ó yí orí sí ibi tí mo dúró sí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ kọ orúkọ wọn ṣá?”

Mo ní, “Mo kọ ọ́. Àpótí tìẹ ló ti gbó.”

Ọ̀gá àgbà wúkọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé kò lè lo ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́, mo buwọ́ lù ú.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó máa ká báńdéèjì. Oṣù mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó wá bá mi nídìí tábìlì olórí yàrá, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. “Mo tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Orí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo wà. Oníwáyà kí mi bó ṣe ń jáde. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa nǹkan rẹ́ ní ìró tirẹ̀. Mo kà á, ó pé mọ́kànlélógójì.” Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Mo bi yín níwájú wọn. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ kọ ọ́.” Ó fi ìka wá etí tábìlì mi, ó tọ̀ ọ́ jáde.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe olórí yàrá. Mi ò sọ. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbọ́ pé ó kú.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, nítorí ojú mi, ọmọ mi obìnrin ra fóònù tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ fún mi. Mo fi ìka kàn án. Ó ní, “Bọ́tìnnì.” Mo sún ìka. “Bọ́tìnnì.” Ọmọ mi ní ẹni tó ṣe é ló gbàgbé láti kọ orúkọ sí i. Mo ní kó bá mi pa á. Ohùn náà kò dákẹ́. Mo ń gbọ́ ọ nínú omi tó ń kán. Mo ń gbọ́ ọ nínú ọ̀bẹ ọmọ mi bó bá ń gé àlùbọ́sà. Tó bá pé mọ́kànlélógójì, á dúró. Á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Elétí, mi ò ní kí o gbàgbé. Gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yọ ohun tí mo kọ kúrò nínú fáìlì ìyá rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá lè dárí jì mí, jọ̀ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe ojú ẹ̀rọ fún àwọn èèyàn, ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ ọwọ́ yín.

Mo ti sọ tán. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, fóònù yìí ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti kà á fún mi. Ó ń bi mí báyìí bóyá kí òun fi ránṣẹ́. Ó ní, ṣé ó dá mi lójú?

Ó dá mi lójú.