Ọjọ́ Tí Mo Bú Kòṣàánú Ní Bódìjà

Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà ní òpópónà wa ní Òkè-Àdó. Alhaja tí ilé wọn kọjú sí tiwa ló ni ín. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, gbogbo wa á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta. Kì í ṣe bíi tìsinsìnyí tí kálukú ń wo tirẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí iwin ń bá sọ̀rọ̀...

Inú eré yẹn ni Kòṣàánú wà. Ẹ gbọ́, ọkọ burúkú ni! Ó ta ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Ó ti ìyá ìyàwó mọ́ ìta nínú òjò, ó wá jókòó sẹ́nu fèrèsé, ó ń jẹyán, ó ń rẹ́rìn-ín: "Hẹ́-hẹ́-hẹ́ẹ̀!" Ẹ̀rín yẹn! Bí ọmọ tó ń sunkún bá gbọ́ ọ, á dákẹ́.

Ṣé a ò mọ̀ pé eré ni? A mọ̀ o... ṣùgbọ́n ta ló rántí? Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wọ mọ́tò ní Challenge lọ́jọ́ kan, wọ́n rí òṣèré náà níjòókòó iwájú. Wọ́n ní, "Dẹ́rẹ́bà, dúró! Èmi àti Kòṣàánú ò ní wọ mọ́tò kan náà. Kòṣàánú, ìyá ìyàwó ẹ ńkọ́? Òjò ò ní dá lórí ẹ!" Gbogbo èrò ọkọ̀ ní, "Àmín!" Ọkùnrin náà ṣí fìlà, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá." Inú rẹ̀ ń dùn! Ìyá mi sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Ó wá di ìgbà tí ìyá yín, Bùkọ́lá, ṣílé ní Bódìjà. Ẹ wà níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo lónìí. Ẹ mọ bí ìyá ọkọ mi ṣe rí." Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá bàbá yín a máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni mo ti ń bẹ̀rù pé ẹnu mi yìí ni yóò da ilé ọmọ mi rú. Mo ṣèlérí. Mo panu mọ́.

Ọ̀rẹ́ bàbá yín kan ló mú bàbá arúgbó kan wá. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń darí ètò kígbe pé, "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún lẹ́jẹ́ńdì!" Ó wá rọra bi wọ́n pé, "Bàbá, orin wo lẹ ń kọ?"

"Òṣèré ni mí, ọmọ mi."

Ni wọ́n bá rín ẹ̀rín ayé ọjọ́un: "Hẹ́-hẹ́-hẹ́ẹ̀!" Ara mi bù máṣọ. Kòṣàánú! Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sáré gbé omi wá. Ẹ rò pé ikọ́ ni! Tómi, ìwọ lo sọ pé, "Sọ́rì, gíránpà."

Bàbá náà gbomi. Wọ́n wá jókòó tì mí.

"Ìyá, ẹ̀yin mọ̀ mí bí?"

"Ta ni kò mọ̀ yín, sà?"

"Nígbà kan, n ò lè ra ẹja ní Dùgbẹ̀. Àwọn obìnrin á lé mi, wọ́n á ní kí n lọ ṣílẹ̀kùn fún ìyá ìyàwó mi ná. Láàárọ̀ yìí, mo gba ibẹ̀ kọjá... wọ́n ní, 'Bàbá, ẹ wá rajà o.'" Wọ́n mi orí. "Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣépè fún mi kẹ́yìn."

Kí ni kí n ṣe? Mo wo Bùkọ́lá. Mo wo àna mi, ìyá bàbá yín. Mo wo bàbá arúgbó tó ń fi ṣíbí yí ìrẹsì ká inú àwo. Ìdí mi ò gbàjókòó mọ́. Mo dìde, mo já gèlè, mo so ó mọ́dìí.

"Kòṣàánú! O ṣì wà láyé? Ìwọ tó ti ìyá ọlọ́mọ mọ́ òjò, ìwọ lo wá ń jẹ ìrẹsì ọmọ tèmi? Ojú ò tì ọ́! Òjò ò ní dá lórí ẹ!"

Orin dákẹ́. Fóònù yín gòkè bí ẹni tó ń nawọ́ sókè dìbò. Bùkọ́lá ní, "Màámi!" Ó gbá orí mú. Ìyá bàbá yín gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n dìde. Mo ní, ó ti parí, mo ti ba ilé ọmọ mi jẹ́.

Wọ́n nàka sí bàbá náà: "Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́? Olè! Ẹ̀rọ ìránṣọ tí o tà ńkọ́?"

Háà! Ohùn tó jáde lẹ́nu obìnrin yẹn! Ṣé inú ẹni jẹ́jẹ́ yẹn ló wà látọjọ́ yìí?

Bàbá náà dìde. Ẹ̀yìn tó tẹ̀ nà. "Mo ti fowó ẹ̀ mẹmu! Hẹ́-hẹ́-hẹ́ẹ̀!" Tómi, o sá sẹ́yìn mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó gbé omi wá.

Nígbà tí bàbá náà ń lọ, wọ́n ṣí fìlà fún mi. Ojú wọn kún fún omi. "Ẹ ṣeun, màmá."

Hmm. Ayé ti yí. Àwa ń bú ẹni tí a fẹ́ràn, lójúkorojú. Ẹ̀yin, láti òwúrọ̀ dalẹ́ lẹ ń bú ẹni tí ẹ ò rí rí lórí fóònù, ẹni tó jókòó tì yín, ẹ ò rí i. Bí ẹ bá rí arúgbó ní kọ̀rọ̀ ìnáwó, ẹ bi í pé kí ló ṣe láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àtẹ́wọ́ ló tọ́ sí i, ẹ pa á fún un. Bó bá jẹ́ èébú... ẹ pè mí. Èmi àti ìyá bàbá yín la jọ máa wá.