Òpó tí Mo Kọ́ ní Irọ́ Pípa

Ẹ dúró síta díẹ̀, ẹ̀yin ará, ẹ má tíì wọlé gba ọbẹ̀. Èmi Tülin, tí wọ́n fi ṣe alábòójútó àtúnṣe ilé ọbẹ̀ ọ̀fẹ́ yìí, ni mo fa ohun tó ṣe Ìyá Binnaz. N kò lè gbé e mì mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ òpó mábù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yìí. Kò ru nǹkan kan. Àwọn tó kọ́lé náà láyé ìjọba Ottoman fi í sáàárín òkúta méjì kí ó lè máa yí bí a bá fọwọ́ kàn án. Bí kò bá yí mọ́, ògiri ti rì nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń yí i kí ẹ tó wọlé. Nígbà òtútù yìí, a ti fi ẹfun sísun àti bíríkì tí a gún kúnná dí gbogbo ibi tó sán lára ògiri, láìfi sìmẹ́ńtì kankan sí i, bí àwọn àtijọ́ ti ṣe é. Iṣẹ́ náà ń wú mi lórí. Àfi bí òpó ṣe há. Omi tó ń ṣàn wá láti títì tuntun ló ti ń wọ ìpìlẹ̀, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ti ń wá àwáwí láti ti ilé náà pa, kí àwọn arúgbó máa fi ebi sùn nínú yìnyín. Inú bí mi sí wọn. Ìbínú yẹn ni mo fi bo ara mi lójú. Ẹ má kà á sí àwíjàre fún mi.

Mo ní kí Ọ̀gá Zihni, agbẹ́kùúta wa, bá mi ha orí òpó náà kí àyè lè gbà á. Ó ní, “Ẹnjiníà, ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ́ òkúta ní irọ́ ni?” Mo ní títí òtútù yóò fi lọ ni. Ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ mu tíì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ha á. Mo fi eruku mábù pa ojú ibẹ̀, òpó sì ń yí wẹ́rẹ́.

Láti ìgbà tó ti há, inú yìnyín ni Ìyá Binnaz, arúgbó tí kì í wọlé bí òpó kò bá yí, ti ń mu ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtílì tirẹ̀. Ó yí i lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ti jí! Mo rò pé ó ti yadi bí ọkọ mi ni. Wá jókòó tì mí, ọmọ mi.” Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni. Ẹ̀rù kí àjà má já lé mi lórí ló ń bà mí, síbẹ̀ mo jẹ́ kí òun wọlé.

Òkúta já láti òkè, ó fọ́ ọ nítan. Nílé ìwòsàn, èmi ló tún ń tù nínú: “Má sunkún, ẹnjiníà kékeré. Ọwọ́ mi ló ti kú, bóyá ni mo yí i dáadáa. Òpó yẹn kì í purọ́.” Mo gbé ọsàn tí mo rà wá sílẹ̀, mo sì sáré jáde.

Wọ́n ti gbá òkúta náà kúrò, ẹ sì tún ti tò síbí. Ìyá Binnaz, bí ẹ tilẹ̀ wà lórí ibùsùn ìwòsàn, ọwọ́ yín kò kú. Ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí inú ń bí bíi tèmi, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tí ẹ ń jà fún. Ẹ yọwọ́ lára òpó, ẹ̀yin ará. Ìta níbí ni a ó ti bu ọbẹ̀ lónìí.