Èmi Ni Mo Hú Pèrègún Tí Wọ́n Torí Ẹ̀ Mú Bọ̀ọ̀dá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó bẹ́ mi níkùn. Odidi oṣù márùn-ún ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ó sì wúwo ju tírélà tó ru símẹ́ǹtì lọ. Èmi Dàmọ́lá ọmọ Ògúntóyìnbó, tí mò ń lẹ táyà lẹ́bàá títì ní Òkúkù, tí mo kàwé dé Praimárì Fáìfù kí èmi àti ìwé tó kọ ara wa sílẹ̀, èmi ni mo hú pèrègún ààlà oko bàbá wa. Kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá Oyèwálé. Ọwọ́ wọn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí bí omi àfòwúrọ̀pọn.

Nígbà tí bàbá wa kú, ẹbí pín oko tó wà lójú ọ̀nà Inísà sí méjì: ìdajì fún Bọ̀ọ̀dá Oyèwálé, àkọ́bí wa, tó ń ṣe tíṣà ní Ìkìrun, ìdajì fún Àǹtí Rẹ̀mílẹ́kún tó tẹ̀ lé wọn. Ilẹ̀ ẹ̀bá títì tí mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ni tèmi. Ṣùgbọ́n igi obì kan dúró gbọnrangandan láàárín oko náà, àwọn méjèèjì sì ń du ú bí ẹni ń du adé. Bàbá Fátóògùn, olórí ẹbí wa, ló gbin pèrègún mọ́kànlá lójú ààlà, ni igi obì bá bọ́ sọ́dọ̀ Àǹtí. Láti ọjọ́ yẹn, Bọ̀ọ̀dá kì í kí Àǹtí mọ́, àfi bí ẹni ń kí ajínigbé. Inú Bọ̀ọ̀dá bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò fi wá sílé fún Ìkórè lọ́dún tó kọjá.

Ọjọ́ Ìkórè yẹn gan-an ni mo ṣiṣẹ́ ibi. Gbogbo ilé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi wà lóko pẹ̀lú ọkọ́. Mo hú pèrègún mọ́kànlá, mo sì sún wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, kí igi obì lè bọ́ sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá. Èrò mi ni pé wọ́n á rí erùpẹ̀ tútù, wọ́n á pariwo, èmi á yọ síta, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín títí ìjà á fi tán. Ẹ wo orí ewúrẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ mi lọ́rùn. Ta ní ń fi ààlà ilẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀? Mo gbàgbé pé pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Kò pé wákàtí kan tí òjò fi dé, òjò tó jẹ́ pé ẹja odò Ọ̀tìn fẹ́rẹ̀ẹ́ wá ra táyà lọ́wọ́ mi. Ó fọ ojú ẹsẹ̀ mi, ó dí gbogbo ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn pèrègún náà ti yọ ewé tuntun, wọ́n dúró bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn sí.

Bọ̀ọ̀dá dé oko, wọ́n rí ààlà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, wọ́n ká obì. Lọ́jọ́ kejì Àǹtí dé, wọ́n bá igi ní òfìfo. Wọ́n ní àwọn ò bá olè tó jí ilẹ̀ tó tún jí obì sọ̀rọ̀, ó di tọlọ́pàá. Inú kíláàsì ni wọ́n ti wá mú Bọ̀ọ̀dá, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà lọ́wọ́ wọn, níṣojú àwọn ọmọ tó ń pè wọ́n ní sà.

Mo lè sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí mo ti wá ya ẹranko pátápátá nìyí. Àǹtí ti sọ pé ọjọ́ Ìkórè nìkan ni oko dá wà, ni ọlọ́pàá tó ń wádìí bá pè mí, ó ní ta ni mo rí lóko lọ́jọ́ náà. Ó wo bàtà mi lẹ́ẹ̀kan. Bóyá eṣinṣin ló ń wò, n kò mọ̀, ṣùgbọ́n irun imú mi dìde dúró. Ẹnu mi ní, “Bọ̀ọ̀dá Oyèwálé ni mo rí, wọ́n mú ọkọ́ dání.” Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Gbogbo ìwé tí mo kà láyé mi, ọjọ́ yẹn nìkan ló wúlò, ìkà ni mo sì fi ṣe.

Wọ́n gbé Bọ̀ọ̀dá lọ sí kóòtù májísíréètì fún olè jíjà. Iléeṣẹ́ wọn ní kí wọ́n lọ jókòó sílé ná. Tí ẹ̀bi bá ti lè jẹ́ tiwọn, iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n dòfo. Májísíréètì ní ẹjọ́ ọmọ ìyá ni, ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká fi yanjú ẹ̀ nílé. Ni Bàbá Fátóògùn bá pe ìpàdé nílé ẹbí wa ní Inísà. Àǹtí ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́: kí Bọ̀ọ̀dá fẹnu ara wọn jẹ́wọ́, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn gbin pèrègún padà, ẹjọ́ parí. Gbogbo ilé bẹ Bọ̀ọ̀dá pé kí wọ́n sáà gbà.

Bọ̀ọ̀dá ní, “Rẹ̀mílẹ́kún, nígbà tí mo rí ààlà yẹn, mo rò pé ìwọ lo sún un. Mo ní àbúrò mi ti fi obì yìí jìn mí, ó kàn ń tijú àtisọ ni. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo sunkún ayọ̀. Kí wọ́n máa gbé mi lọ sẹ́wọ̀n. N kò lè jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà yọ lẹ́yìn. Mo dìde, mo ní èmi ni. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé wọn ò gbà mí gbọ́? Bàbá Fátóògùn ní kí n jókòó, pé òní kọ́ lọjọ́ yẹ̀yẹ́. Àǹtí ní Bọ̀ọ̀dá ló rán mi níṣẹ́. Irọ́ tí mo pa, kíá ni wọ́n gbà á. Òótọ́ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo gbé ọkọ́, mo kó gbogbo ẹbí lọ sóko nínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo dúró lójú ààlà àtijọ́, mo ń gbẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ le bí orí mi. Mo ṣáà hú gbòǹgbò àkọ́kọ́ jáde, gbòǹgbò pèrègún tó kán sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ tí mo hú u. Mo hú èkejì. Nígbà tí mo hú ìkọkànlá, Bàbá Fátóògùn ṣí fìlà, wọ́n ní ẹni tó hú wọn nìkan ló lè mọ ojú ihò mọ́kànlá, àti pé ẹni tí Bọ̀ọ̀dá bá rán níṣẹ́ kò ní tún lọ fi wọ́n lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Àǹtí gbá mi létí, mo gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì Inísà, ti Òkúkù àti ti Ìkìrun lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wá kúnlẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá fà wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn méjèèjì ni yóò máa ká obì náà. Èmi nìkan ni mo gbin pèrègún mọ́kànlá padà, gbogbo ẹbí jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń bú mi láti orí dé ìka ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kóòtù, Àǹtí fi lẹ́tà sílẹ̀ pé àwọn ò ṣẹjọ́ mọ́. Ọlọ́pàá tó ń rojọ́ fún ìjọba ní ẹ̀sùn ti di tìjọba, lẹ́tà nìkan ò lè pa á rẹ́. Ni mo bá wọnú àpótí ẹlẹ́rìí, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Májísíréètì wò mí bí ẹni ń wo aáyán nínú ọbẹ̀, ó bi Bọ̀ọ̀dá bóyá wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá gbé èmi náà lọ sẹ́jọ́ torí irọ́ tí mo pa.

Bọ̀ọ̀dá ní, “Àbúrò mi ni, Olúwa mi. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Ìyà tí mo máa fi jẹ ẹ́ nílé, ẹ̀wọ̀n ò ní irú ẹ̀.”

Kóòtù rẹ́rìn-ín. Májísíréètì fagi lé ẹjọ́ náà, ó ní kí Bọ̀ọ̀dá máa lọ sílé ní àlàáfíà. Ariwo ayọ̀ tí a ké, ó dé Ìbà, ó dé Èkó-Ẹ̀ndé, àwọn ará Ìgbàyè bi ara wọn pé ọba wo ló jẹ. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Irọ́ ni o! Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló gbé Bọ̀ọ̀dá àti Àǹtí padà sí Inísà, Àǹtí di Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn mú, wọ́n jọ ń pa mí ní yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá wọ kíláàsì wọn padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ bíi tèmi, mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ò bá ti lè fẹnu jẹ́wọ́ lójú ẹni tí ẹ fi ṣe é, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹ fi sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ti dárí jì mí. Ẹ̀yin náà, ẹ dákun, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì bá mi sọ ọ́ káàkiri Ìkìrun pé tíṣà yẹn kì í ṣe olè.