Ọjọ́ Méje Tí Àkùkọ Fi Wà Lábíyá Mi

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, kò síbi tí mi ò dé. Ẹ gbọ́ o. Mo ní kò síbi tí mi ò dé! Kánò, mo dé ibẹ̀. Kùmásí, mo gbé ibẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹ́ fún mi níyàwó, mo ní rárá o, ẹ ò lè se ọbẹ̀ tí mo máa ń jẹ. Kútọnu, mo mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ Ṣáléǹjì tí ẹ ti wá lónìí. Ẹ gbé fóònù yẹn súnmọ́ mi dáadáa, ohùn mi ò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Nígbà yẹn, tí mo bá pariwo ní Dùgbẹ̀, ará Ẹlẹ́yẹlé á máa bi ara wọn pé ta ló ń pè wá…

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ gba ohùn àgbàlagbà sílẹ̀ ní sùkúù. Ó dáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé àgbàlagbà wà. Kí lẹ fẹ́ gbọ́? Ti ogun? Ti ọba? Mi ò mọ̀ ọ́n. Adìẹ ni mo mọ̀. Tí tíṣà yín ò bá fẹ́ ti adìẹ, kó wá bá mi.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Mo wò ó, mo rí i pé ohun tí tíṣà wa mọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju tèmi lọ, mo bá fi í sílẹ̀ fún un kó máa lo gbogbo ẹ̀ nìkan. Mo sá lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Ẹlẹ́yẹlé. Ìyá Ẹlẹ́yin ni wọ́n ń pè é, torí ẹyin ló ń tà. Ó ti kú tipẹ́, Ọlọ́run forí jì í. Adìẹ tiwa ló ń sìn o, kì í ṣe àgírìkì tí ẹ̀ ń jẹ yìí, tó jẹ́ pé kó tó mọ̀ pé adìẹ lòun ó ti wà nínú fíríìsà. Adìẹ tó ń sùn lórí igi! Adìẹ tó ń bá àṣá wọ̀jà! Aṣa ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn èyí tí ìyẹ́ ẹ̀ ká sókè bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìnkùlé, ẹ máa rí i.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n obìnrin yẹn. Tó bá ní àgbébọ̀ tó dáa, á mú un fún ẹlòmíì pé kó bá òun sìn ín. Ìwọ á máa tọ́jú ẹ̀, tó bá ti pa ọmọ, ẹ jọ pín in. Á wá so àkísà aláró mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kó lè dá tiẹ̀ mọ̀. Àwa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá, ẹ tún ti ń ta adìẹ lọ́rẹ!"

"Ìwọ alárìnká yìí, ta ló ń ta á lọ́rẹ? Ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mò ń tọ́jú wọn sí. Àrùn tó bá wọ àgbàlá mi, ṣé ó mọ gbogbo ilé tí mo kó wọn lọ?"

Àrùn náà sì wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ọyẹ́ ọdún kan ni, mo ti wà ní Kánò nígbà yẹn. Wọ́n ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò ku ẹyọ kan lágbàlá ẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi padà dé, òun fúnra ẹ̀ ti lọ. Wọ́n ti wó ilé, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo dúró sójú títì bí ẹni tí wọ́n já kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Obìnrin arúgbó kan wá ń wò mí láti òdìkejì.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ ni ọmọ Ìyá Ẹlẹ́yin tó sá lọ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"O pẹ́ kó o tó dé. Ìpín tiyín ṣì wà lọ́dọ̀ mi níbí."

Ó ní ìyá òun ló gba àgbébọ̀ kan sìn lọ́wọ́ Ìyá Ẹlẹ́yin láyé ọjọ́un. Ìyá ẹ̀ kú, òun náà ń sìn ín lọ. Ó mú àgbébọ̀ méjì àti àkùkọ kan fún mi… Ẹ rí àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé yìí? Ìran wọn ni. Gbogbo ohun tí mo kó lọ tí mo kó bọ̀ láyé yìí, àwọn nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ n mumi.

Ẹ̀n-ẹ́n. Fọlákẹ́ ọmọ mi ló ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Bódìjà níbí. Ẹ mọ ọkọ ẹ̀, Dókítà. Kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ o. Dókítà òkúta ni. Yunifásítì ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa òkúta. Ẹ wo iye ọdún tó fi kà á! Òkúta tó jókòó síbì kan, tí kò lọ síbì kankan! Èmi tí mo rin gbogbo ayé, èmi ni wọn ò fún ní sátífíkéètì. Èèyàn dáadáa ni ṣá. Ẹ̀rù adìẹ ló kàn ń bà á.

Àkùkọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi nínú ìran yẹn. Ogbe ẹ̀ pupa bí ata rodo. Sájẹ́ǹtì ni mo sọ ọ́. Ó ti lé obìnrin tó ń wá ka mítà iná rí. Ó ti lé mọlémọlé tó wá tún ògiri ṣe. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé wọn ò kí i ni. Àmọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, Dókítà wọ kóòtù, ó so táì, ó ń lọ ṣí mọ́tò ẹ̀. Sájẹ́ǹtì wò ó. Ó já apá kan sílẹ̀, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bọ̀… Dókítà sá!

Háà! Ṣé wọ́n ń sá fún àkùkọ ni? Tó o bá ti sá fún un báyìí, o ti fi í jọba nìyẹn. Ó lé e yí mọ́tò ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi èékánná ńlá tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ ya ṣòkòtò ọkùnrin náà láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Dókítà gun orí mọ́tò. "Bàbá! Ẹ gbà mí o, Bàbá!" Ọkùnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta!

Fọlákẹ́ jáde. Ó wo ọkọ ẹ̀ lórí mọ́tò, ó wo èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ pa àkùkọ yìí."

"Kí n pa Sájẹ́ǹtì? Òun nìkan lákùkọ tó kù. Tí mo bá pa á, ta ló máa gun àwọn àgbébọ̀? Ọkọ ẹ?"

"Bàbá!"

"Wọ́n lè ra àkùkọ míì ní ọjà," Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ látorí mọ́tò.

Ẹ gbọ́ o. Àkùkọ míì. Kẹ́ ẹ lọ mú àgírìkì kan wá da ìran Ìyá Ẹlẹ́yin rú! Inú bí mi. Mo dìde. Mo ní: "Fún mi ní ọjọ́ méje, Fọlákẹ́. Tó bá di ọjọ́ keje, ọmọ ìkókó lè fi Sájẹ́ǹtì ṣe ìrọ̀rí."

"Tó bá tún wá fò mọ́ èèyàn ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi ni màá mú ọ̀bẹ."

Ẹnu mi ló sọ ọ́ o. Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Dókítà ti ń tẹ fóònù ẹ̀ ní tiẹ̀: "Bàbá, wọ́n ní lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé…" Mo ní: "Íńtánẹ́ẹ̀tì ti sin adìẹ rí?"

Ohun tí Ìyá Ẹlẹ́yin kọ́ mi ni mo ṣe. Obìnrin yẹn máa ń sọ pé: "Má sá, má gbá a nípàá, gbé e." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sá, àkùkọ á lé e. Ẹni tó bá gbá a, ó gbà pé ìjà nìyẹn, á tún padà wá. Àmọ́ tó o bá gbé e, tó o fi apá ẹ tẹ ìyẹ́ ẹ̀ mọ́ra, tó o rọra tẹ orí ẹ̀ sísàlẹ̀ títí tó fi dákẹ́… ojú á tì í. Lójú gbogbo aya ẹ̀! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi gbé Sájẹ́ǹtì sábíyá. Láàárọ̀, tí oòrùn bá ti yọ, mo ti gbé e. A jọ rìn láti Bódìjà dé Agbowó, a jọ padà. Àwọn ọmọ yunifásítì ń fi fóònù yà wá. "Baba, how much be this fowl?" Mo ní òun kọ́ ló wà fún títà, ẹ̀yin ni. Ọlọ́kadà kan dúró, mo fẹ́ gùn, ó ní: "Bàbá, ẹni méjì ni o." Lọ́jà Bódìjà, níbi tí mo ti ń ra àgbàdo, àwọn aládìẹ ń pè mí ní Ọkọ Àkùkọ. Mo dá wọn lóhùn pé: "Àkùkọ yìí sàn ju ọkọ tiyín lọ, ó máa ń tètè jí."

Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dẹ́kun jíjà lábíyá mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó ń sùn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu. Ṣé ẹ mọ̀ mí? Mo fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò.

Ọjọ́ keje dé, Sọ́ńdè ni. Fọlákẹ́ ti gbé omi kaná. Mo bi í pé kí lomi yẹn wà fún. Gbogbo wa mọ̀ pé omi tí wọ́n fi ń tu ìyẹ́ adìẹ ni.

Fọlákẹ́ ló kọ́kọ́ kọjá lágbàlá, ìgbálẹ̀ ló mú dání. Sájẹ́ǹtì wò ó, ó ń ṣa ìjẹ ẹ̀ lọ. Ó wá kan Dókítà. Ó wọ bọ́ọ̀tù òjò dé orúnkún, ó gbé ìdérí ìkòkò dání bí ẹni tó ń lọ ogun. "Má sá o!" mo ní. "Rọra máa rìn." Ó ń rìn, òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀. Sájẹ́ǹtì gbé orí sókè… ó tún gbé e sísàlẹ̀. Dókítà dé òdìkejì. Ó dúró, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ó wá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín nítorí adìẹ nìyẹn.

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo lè kàn jókòó jẹ́jẹ́ mi? Mo bọ́ sí àárín àgbàlá. Mo na ìkúùkù sókè. "Ẹ rí i! Mo sọ fún yín! Kò sí irú mi ní gbogbo Ìbàdàn!"

Sájẹ́ǹtì fò. Kò fẹ̀gbẹ́ rìn, kò ṣe nǹkan kan, ó fò ni. Ó gbá mi láyà, ó tún gbá mi ní apá. Ẹ wo àpá ẹ̀, ẹ wò ó, ó ṣì wà.

Omi ń hó nínú kíṣìnnì. Fọlákẹ́ ní: "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa mú ọ̀bẹ àbí kí n mú un wá?"

Ó dáa, nǹkan kan wà tí mo fò nínú ìtàn yìí. Ẹ gbọ́. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mọ́tò tẹ ìyá Sájẹ́ǹtì pa lójú títì. Nínú gbogbo ọmọ ẹ̀, òun nìkan ló yè. Mo gbé e sínú páálí ní yàrá mi. Ọ̀sán gùn nílé yìí, ẹ̀yin ò mọ̀. Fọlákẹ́ wà níbi iṣẹ́, Dókítà wà lọ́dọ̀ òkúta. Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo bá ń na ìkúùkù sí òròmọdìẹ yìí, mo ń fi ta á láyà jẹ́jẹ́. Á fò, á gbá ọwọ́ mi. Èmi á rẹ́rìn-ín. Ojoojúmọ́ ni. Ó dàgbà sórí ẹ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tó ń kọjá nílé yìí, ó rò pé eré wa ni.

Ìyá Ẹlẹ́yin ní tiẹ̀, tí wọ́n bá ti ní àkùkọ kan ń bá èèyàn jà, kì í béèrè àkùkọ. Á ní: "Ta ló ń bá a ṣeré nígbà tó kéré?" Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n látọjọ́ tó ti ya ṣòkòtò Dókítà. Ṣé èmi ni màá wá sọ ọ́? Èmi tí wọ́n ń fún níyàwó ní Kùmásí?

Mo wo Sájẹ́ǹtì. Ó dúró síwájú mi, ó ń retí kí n tún na ọwọ́.

Mo ní: "Fọlákẹ́, pa gáàsì yẹn. Kò ṣẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó le fún mi ju ọ̀nà Kánò lọ. Nígbà tí mo parí, ọmọ mi lọ pa gáàsì. Ó wá ní: "Ọ̀sán gùn fún yín tó báyìí, Bàbá, ẹ ò sì sọ fún mi?" Ojú tì mí, mo ní kó má da èèyàn láàmú.

Dókítà ló dájọ́. Ọkùnrin yẹn! Ó ní: "Fọlákẹ́, má pa á. Bàbá ni kí wọ́n má wọ àgbàlá adìẹ mọ́. Èmi á máa fún àwọn adìẹ lóúnjẹ." Fọlákẹ́ gbà. Wọ́n lé mi kúrò lọ́dọ̀ adìẹ mi, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n gbé àga fún mi síbi fèrèsé ẹ̀yìn, pé kí n máa wò.

Bí a ṣe wà nìyẹn. Ayé ti yí. Láyé àtijọ́, àna ọkùnrin á wólẹ̀ kí bàbá ìyàwó ẹ̀, kò ní lé e kúrò lágbàlá. Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ bá rí òròmọdìẹ tí kò ní ìyá, ẹ fún un lóúnjẹ, kẹ́ ẹ sì kó ọwọ́ yín sẹ́yìn. Tí ọ̀sán bá gùn, ẹ wá èèyàn bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá síbí, mo wà ńbí.

Dókítà máa ń wá jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ báyìí. Ó ti ra ìwé kan, ó ń kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ẹ̀. Aṣa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sàba lé ẹyin lánàá, ó sì ní òun máa wá ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú adìẹ tó sàba. Fún mi! Èmi! … Òun ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ pa fóònù yín, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.